Ọwọ́ Tó Dẹ Ọrun Fẹ̀yìntọlá

Láti ìgbà tí Fẹ̀yìntọlá ti ń ta ọfà ní pápá Bwari, Ọládùnjoyè ló ń bá a tún ọrun rẹ̀ ṣe. Ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n, ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ ní Karu, ọkùnrin náà ló sì kọ́kọ́ fi ọrun lé e lọ́wọ́. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, Ọládùnjoyè á gbé ọrun náà lọ sẹ́yìn mọ́tò, á yẹ̀ ẹ́ wò, á gbàdúrà lé e lórí, á dá a padà. Ta ni yóò tún máa yẹ ọrun wò lẹ́yìn tí àgbà ti yẹ̀ ẹ́ wò?

Ní Sátidé kan lọ́dún 2016, obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mú tí yóò ṣojú Àbújá. Fẹ̀yìntọlá àti Jemimah, àbúrò ìyàwó Ọládùnjoyè, ló kù.

Ọrun oníkẹ̀kẹ́, èyí tí kẹ̀kẹ́ roboto kékeré wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀, ni wọ́n ń lò. Bí èèyàn bá fa irú rẹ̀ dé òpin, kẹ̀kẹ́ á gba èyí tó pọ̀ nínú agbára rẹ̀, á ku ìwọ̀nba tí ọwọ́ yóò dì mú. Bí ìwọ̀nba yẹn bá kéré jù, apá ò ní rí ohun tí yóò fẹ̀yìn tì. Ọ̀pá gígùn tó yọ síwájú, tí irin kéékèèké wà lórí rẹ̀, ló ń bá a mú ọrun dúró kó má gbọ̀n.

Fẹ̀yìntọlá fà á. Ó fúyẹ́. Irin iwájú ń wọ́ apá rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọrun yìí ò rí bó ṣe máa ń rí."

"Àyà rẹ ló ń já. Ṣé o jẹun?"

"Mo jẹun, sà."

"Yọ irin kan kúrò níwájú. Ara á tù ọ́."

Ó yọ ọ́. Ó gba Ọládùnjoyè gbọ́ ju ọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Ni ọrun bá bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún sósì.

"Kai!" Tájù, tafàtafà ẹlẹgbẹ́ wọn, kígbe láti ẹ̀yìn. "Ṣé ẹyẹ lò ń wá ni, àbí àmì?"

Etí àmì ni ọfà Fẹ̀yìntọlá ń bà, ti Jemimah ń wọ àárín. Jemimah ni wọ́n mú.

Ọmọbìnrin náà sáré wá dì mọ́ ọn. "Sista mi, ẹ má bínú. Ẹ̀rù yín bà mí o! Àfi ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn ti dẹ nọ́ọ̀tì ọrun yín. Èmi rò pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n dẹ̀ ẹ́."

Fẹ̀yìntọlá wo ọrun náà. Nọ́ọ̀tì méjèèjì tó de apá ọrun náà, tó ń fún un lágbára, ti yọ síta. Wọ́n sì ti fa ọfà yọ lára àmì, kò sí ẹni tó lè yí èsì padà mọ́. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ó lọ bá Ọládùnjoyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ jiyàn. Ohùn rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tó ń júwe ọ̀nà Utako fún àlejò.

"O ò ṣẹ̀ mí rárá, àbúrò mi. Àbúrò ìyàwó mi ni Jemimah. Ìwọ náà mọ bí ilé ṣe ń rí."

Fẹ̀yìntọlá ti múra láti tọrọ àforíjì fún ohun yòówù tó bá ti ṣe tó sì gbàgbé. Kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan tí yóò tọrọ àforíjì fún.