Àwọn Àgbọn Ẹ̀yìnkùlé Ìkòròdú

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2006, Agnes, aya Fábíyìí, kú ní Ẹ̀pẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Ìyìnolúwa, ọmọ wọn obìnrin, dá ọ̀rọ̀ ilé Ìkòròdú sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé kí wọ́n tó padà sí Ẹ̀pẹ́. Ayálégbé ló kún inú rẹ̀ báyìí.

"Bàbá, ẹ tà á. Orúnkún yín kò gbé yín kiri mọ́. Màámi ló ń bójú tó àwọn ayálégbé, Màámi sì ti lọ."

Lọ́jọ́ kejì, Fábíyìí wọkọ̀ lọ sí Ìkòròdú.

Àgbọn márùn-ún ló wà lẹ́yìnkùlé náà. Àwọn ayálégbé tó ti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun wá kò ní agboolé nítòsí. Bí obìnrin wọn bá bímọ, Agnes ni í gbẹ́ ilẹ̀, tí í sin ibi ọmọ, tí í sì gbin àgbọn lé e. Èyí tó ga jù, tó tẹ̀ sí ọ̀nà kànga, ni ti Moyọ̀sọ́rẹ, àkọ́bí Agnes fúnra rẹ̀, tí kò lò ju oṣù méjì lọ láyé.

Mùsílímátù, ayálégbé kan tó lóyún, ń fọṣọ lẹ́bàá kànga.

"Bàbá Láńlọ́ọ̀dù, ẹ káàbọ̀. A gbọ́ pé ẹ fẹ́ tà wá."

"Ilé ni mo fẹ́ tà."

"Ṣé kì í ṣe àwa là ń gbé inú rẹ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa ikùn. "Tí èyí bá dé, ta ni yóò bá mi gbẹ́ ilẹ̀? Tí Tàjùdéèn, ọmọ mi àgbà, bá sì béèrè àgbọn rẹ̀ ńkọ́?"

Fábíyìí fẹ́ dáhùn, ló bá gbọ́ ìró sálúbàtà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti yíjú kó tó rántí pé kì í ṣe Agnes.

Ní Sátidé, Oyèdèjì tó fẹ́ rà á wá wò ó. Fábíyìí bẹ̀ ẹ́ kó má gé àwọn àgbọn náà.

"Bàbá, n kò ní purọ́ fún yín. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo fẹ́ kọ́. Ẹ̀yìnkùlé yìí ni tírélà yóò máa gbà wọlé."

Fábíyìí wo àgbọn títí. Ṣùgbọ́n ilé tí etí rẹ̀ ti ń wá ìró ẹsẹ̀ òkú, kò lè máa wọ inú rẹ̀ mọ́.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí obìnrin tó lóyún yẹn bímọ ná, kí ẹ tó wó ilé."

"Mo gbà, Bàbá."

Ó fọwọ́ síwèé, ó sì kọrí sí Ẹ̀pẹ́. Ohun tó fi sílẹ̀ ní Ìkòròdú: kọ́kọ́rọ́ mẹ́sàn-án, ọkọ́ Agnes, tí èékù rẹ̀ ti ń dán, korobá kànga tó ti jò, àgbọn mẹ́rin tó ń so, àti ọ̀kan tó tẹ̀.