Ìbéèrè Nọ́ọ̀sì Lójú Àlá Àrìnpé

Inú ikùn Àrìnpé ni wọ́n gbé bẹ́ǹṣì àwọn abiyamọ sí, òun náà sì jókòó sórí rẹ̀, ó gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́sẹ̀. Ògiri ibẹ̀ pupa, ó ń mí. Kò sẹ́ni tó bìkítà.

Nọ́ọ̀sì Àtọ̀ké tó gbẹ̀bí rẹ̀ ló wà nídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé ìbéèrè. Àwọn ọ̀gá tí kò ra abẹ́rẹ́ apàrora ló ra bébà, wọ́n ní kí wọ́n máa bi abiyamọ bóyá ẹ̀rù ọjọ́ ìrọbí ṣì ń dà á láàmú. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá dúpẹ́, wọ́n á lu òǹtẹ̀ ARA LE síwájú orí rẹ̀, kò sì ní lè sọ ohun tójú rẹ̀ rí mọ́ títí ayé.

Sàláwátù ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ Àrìnpé ló kú sí lọ́jọ́ ìrọbí. Ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò dá. Ẹ̀jẹ̀ náà ṣì ń tẹ̀ lé e bí ajá.

"Ìyá ìkókó, ṣé o máa ń rántí ọjọ́ náà?"

"A dúpẹ́, mà."

"Ṣé ò ń rí oorun sùn?"

"Mò ń sùn dáadáa."

Nọ́ọ̀sì lu òǹtẹ̀.

Ó kan Àrìnpé, nọ́ọ̀sì bi òun náà bóyá ó máa ń rántí ọjọ́ náà. Kó tó lanu, ìyá ọkọ rẹ̀ yọrí látinú báàgì aṣọ ọmọ. "Ìyàwó mi dúpẹ́ o! Tìyá-tọmọ ló là á já, kí ló tún kù?"

"Ẹ yára," òǹtẹ̀ ní, ó ti gbéra. "Iṣẹ́ pọ̀."

Àrìnpé gbá òǹtẹ̀ náà mú, ó kọjú sí ìyá ọkọ rẹ̀. "Màámi, ẹ dákẹ́ ná. Ṣé ẹ̀yin lẹ rọbí ni?"

Ìyá ọkọ padà sínú báàgì, ó fa síìpù.

"Mi ò dúpẹ́," Àrìnpé ní. "Wọ́n rán ojú ara mi láìfún mi lábẹ́rẹ́. Mo ké, wọ́n gbá mi nítan, wọ́n ní, 'Nígbà tó o ń gbádùn ẹ̀, ṣé o pè mí sí i?' Tí mo bá dijú báyìí, orí bẹ́ẹ̀dì yẹn náà ni mo wà."

"Ta ló gbá ọ?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Nọ́ọ̀sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó tún un kà bóyá ó pé. Ó bọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó fi gbá Àrìnpé bí ẹni bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gbé e kalẹ̀ sórí bébà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọwọ́ náà mú bírò. Ó fìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìbéèrè kejì," ó ní.