Àdúà Tí A Ṣe Sí Iná Oòrùn Ilé Wa

Bí mo bá ń pariwo níbi tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fara mọ́ ọn. Ọkọ mi ló fà á, òun àti ọ̀ọ́dúnrún ẹyin.

Òròmọdìyẹ ni mo ń tà. Lẹ́yìn ilé wa ní Ẹdẹ, mo ní ẹ̀rọ kan tó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù, ooru iná mọ̀nàmọ́ná ni mo fi ń sọ ẹyin di ọmọ nínú rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ẹyin ń lò níbẹ̀. Bí ooru bá já fún wákàtí mélòó kan, ọmọ inú ẹyin á kú. Bí èyí tí mo kọ́kọ́ kó sí i lọ́dún yìí ṣe kú nìyẹn, àwọn àgbẹ̀ Sẹkọ́nà tó ń rà lọ́wọ́ mi sì kìlọ̀ fún mi pé bí èyí tó kàn bá tún kú, Ìbàdàn ni àwọn á ti máa rà á. Ni mo bá sọ fún Jibril ọkọ mi pé ká gbé iná oòrùn sílé.

Tíṣà ni Jibril kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ohun tí ẹ máa sọ tí kò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Teslim, enjinía tó ń ṣe iṣẹ́ iná oòrùn ládùúgbò wa, wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ní bátìrì, ẹ̀yin lẹ dá ní iná yín, ẹ ò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú oníná mọ́. Èkejì kò ní bátìrì, ara wáyà àwọn oníná ni wọ́n máa so ó mọ́, bí oòrùn bá sì mú iná wá ju èyí tí ẹ ń lò lọ, ìyókù á gba orí wáyà lọ sọ́dọ̀ wọn.

Ojú ọkọ mi tàn. "Ṣé èmi ni màá máa fún àwọn oníná níná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi Jibril?"

"Ẹ̀yin gan-an, sà."

Ó dìde, ó tún jókòó. Láti ọjọ́ tó ti kọ́lé ni àwọn oníná ti ń bu iná fún un bí ẹni ń fi ṣíbí fún ọmọ lóògùn.

Mo ní, "Teslim, bí wọ́n bá wá mú iná ńkọ́?"

Ọkọ mi ló dáhùn. "Ìyá Labeebah, bá àlejò gbé omi wá."

Kí n tó gbé omi dé, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo gbọ́ tí Teslim ń sọ pé, "Ṣùgbọ́n Bàbá, ohun tí mo fẹ́ kó yé yín ni pé..." Ọkọ mi ní, "Ó ti yé mi, Enjinía." Èkejì ló mú.

Nílé wa, a kì í lo nǹkan tuntun láì ṣàdúà sí i. A ṣe é sí ọ̀kadà, a ṣe é sí kànga. Ọjọ́ Sátidé ni a fi tiná oòrùn sí, ọjọ́ kọkàndínlógún tí ẹyin mi wọ ẹ̀rọ. Ará ilé pé, Teslim tó gbé e sórí òrùlé náà wà níbẹ̀, àwọn àáfà jókòó sábẹ́ fáànù nínú pálọ̀, Qúdrát, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, sì gbé ìkòkò omi ìrẹsì ńlá méjì kaná.

Àáfà àgbà bẹ̀rẹ̀. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí iná yìí jó wa."

"Àmín!"

"Kí afẹ́fẹ́ má ṣí i kúrò lórí òrùlé."

"Àmín!"

Ni àdúà bá gun àáfà. "Ìyà tí àwọn oníná fi jẹ wá tó! Ọlọ́run, yà wá kúrò lọ́dọ̀ àwọn oníná! Lónìí! Kó má dọ̀la!"

Àmín yẹn mi ilé. Mi ò ní purọ́, èmi náà ṣe é, mo sì fọwọ́ pa ojú.

A ò tíì sọwọ́ kalẹ̀ tí wọ́n fi mú iná.

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti mú tiwọn! Ẹ wá wo tiwa!"

A wò ó. Fáànù rọra ń fà, ó fà, ó dúró. Níta, oòrùn ń sun wá lórí.

Teslim dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Bàbá, mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́sí. Bí kò bá rí iná lórí wáyà wọn, kì í ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má baà gbé àwọn tó ń tún wáyà ṣe lórí òpó."

"Pẹ̀lú gbogbo oòrùn yìí?"

"Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, sà."

Ọkọ mi yíjú sí àáfà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí àdúà yẹn padà!"

Àáfà ní, "Bàbá Labeebah, gbogbo ilé ló ṣe àmín. Ọ̀dọ̀ ta ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà?"

Èmi ò dúró gbọ́ ìyókù. Mo ti wà nídìí ààrò, mo ń bu omi gbígbóná sínú kẹ́ẹ̀gì.

"Ẹ̀gbọ́n, omi ìrẹsì ni!" ni Qúdrát pariwo.

"Ìrẹsì kò ní ọmọ nínú!"

Mo fi àkísà wé àwọn kẹ́ẹ̀gì, mo tò wọ́n sábẹ́ ẹyin. Bí omi kan bá ti ń tutù, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí kẹ́ẹ̀gì ò tó mọ́, àwọn àáfà fi bútà àlùwàlá wọn kún un, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti ìdí ààrò dé ẹ̀yìnkùlé, ebi ń pa wọ́n, wọn ò sì lè sọ ọ́. Ọkọ mi ló gbé omi jù. Agbádá rẹ̀ rin gbindin. Síbẹ̀, inú ń bí mi sí i.

Lẹ́yìn ìrun alásàrí, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ, ó gbé ẹyin kan sétí. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó pe orúkọ mi. "Kúlúsúmù, ó ń sọ èèpo ẹyin láti inú. Ó ṣì wà láàyè." Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó bọ́ lójú èmi náà.

Iná dé nígbà tí oòrùn wọ̀ tán.

Ní ọjọ́ Ajé, òròmọdìyẹ igba ó lé mọ́kànlá ló jáde. Mo sunkún àwọn tó kú, ṣùgbọ́n àwọn ará Sẹkọ́nà wá kó èyí tó yè, wọn ò sì dárúkọ Ìbàdàn.

Teslim padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun lè fi bátìrì kún un kó máa dá ṣiṣẹ́, a sì lè gé wáyà oníná kúrò tàbí ká fi sílẹ̀. Ọkọ mi la ẹnu, ó pa á dé. Ó wá kọjú sí mi.

"Ìwọ lo ni iṣẹ́. Èwo lo fẹ́?"

Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún la ti fẹ́ra.

Mo ní, "Bátìrì. Kí wọ́n má sì gé wáyà."

"Kí nìdí tí o ò fi fẹ́ kí wọ́n gé e?"

"Torí èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó ní ó dáa. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo ra ẹ̀rọ náà lọ.