Ihò Ara Ọgbà

Abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ni ajá náà wá kú sí. Ó gbé àgbọ̀n lé ibi tí ọ̀gá rẹ̀ máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, itọ́ funfun gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Augustin aránṣọ kúnlẹ̀ tì í. Láti ìdájí ni ajá náà ti ń gbọ̀n, tó ń bì, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò gbé e mọ́. Augustin da epo pupa sí i lẹ́nu, epo náà ṣàn jáde. Kí oòrùn tó gun orí ọ̀pẹ, ó ti parí.

“Wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ,” ni Augustin wí. Kò sí ẹni tó gbọ́, nítorí òun nìkan ló ń gbé ilé náà. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ń bá wí.

Kí a tó dá a lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká rántí orúkọ tí ajá yẹn ń jẹ́. Kòkànyín ni. Nígbà tí ìyàwó Augustin kó ẹrù rẹ̀, tó gba Porto-Novo lọ, Ìyá Philomène, àgbà obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì ọgbà, ló sọ ọ́ létí kànga pé ọkùnrin tó bá ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ju aya lọ, kí ẹ̀rọ máa se ọbẹ̀ fún un. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi dà nù lórí wọn. Augustin lọ ra ọmọ ajá kan ní Lagbé, ó sọ ọ́ ní Kòkànyín, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló sì ń dúró lẹ́bàá ọgbà, tó ń fi gbogbo ẹnu pè é. Bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ ajá jà nílẹ̀ wa nìyẹn: ẹni tí ọ̀rọ̀ bá á wí á gbọ́, kò sì ní rí ẹni bá fa nǹkan kan.

Àmọ́ ajá ò mọ ìjà. Ó rí ihò kan lára ọgbà, ibẹ̀ ló ń gbà lọ jẹun lọ́dọ̀ ọ̀tá. Ọ̀rọ̀ náà ká Augustin lára tó bẹ́ẹ̀ tó fi gé imọ̀ ọ̀pẹ jọ síbi ògiri láti dí ihò náà. Kò tíì dí i tí ajá fi padà wálé lánàá pẹ̀lú èérí ògì lẹ́nu. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀?

Ó wọ bàtà. Ọ̀dọ̀ àwọn jàndáámù, ọlọ́pàá ìjọba tuntun, ló ń lọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí obìnrin náà kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Ó bá Ìyá Philomène lórí àpótí, Thérèse, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já lẹ́nu ọmú, jókòó lé e nítan. Philomène ọmọ rẹ̀, tó bí Thérèse, ti lọ sọ́jà Daagbé. Igbá ògì gbígbóná wà níwájú wọn.

“Ẹ kú àárọ̀, Ìyá Philomène.”

“Kú àárọ̀, Augustin. Ó mà tó ọjọ́ mẹ́ta.”

“Kí lẹ fún ajá mi jẹ lánàá?”

“Èérí ni. Mo fi omi ẹja pò ó.” Kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ṣé ó ti di èèwọ̀ ni?”

“Èérí ògì wo?”

“Ògì mélòó ni mo ní? Èyí náà ni. Àná ni mo sẹ́ ẹ.”

Ó bu ṣíbí kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọmọ ya ẹnu.

Ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ tí Augustin ti rò láti ilé ti fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó fi májèlé sínú èérí kì í fi ògì rẹ̀ bọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Obìnrin yìí ò mọ nǹkan kan. Inú ògì fúnra rẹ̀ ni májèlé wà.

“Ẹ má fún un.” Ó ti di ọwọ́ ìyá àgbà náà mú. “Ẹ jọ̀ọ́, ìyá. Ajá ti kú.”

Ṣíbí dúró. Thérèse bú sẹ́kún.

“Ṣé ó ti tọ́ ọ wò?” ni Augustin bi í.

“Rárá. Ó ṣì gbóná.”

Augustin gbé igbá náà jìnnà sí wọn. “Níbo lẹ ti ra àgbàdo rẹ̀?”

“Igolo. Ọkùnrin kan ló ń tà á. Ó ní ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé Kútọnu, pé pupa ni àgbàdo tàwọn òyìnbó.” Ó nàka sí okùn aṣọ. “Mo fọ̀ ọ́, Augustin. Mo fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́.”

Augustin wo aṣọ asẹ́ tó sá sórí okùn. Gbogbo àárín rẹ̀ ti pọ́n. Ó fi àtàǹpàkò ra á, àwọ̀ náà ò kúrò. Àgbàdo pupa kì í pa aṣọ láró. Ó ti rí irú rẹ̀ rí nígbà tó lọ wọn aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ oko ìjọba: irúgbìn tí wọ́n fi oògùn kòkòrò kùn, tí wọ́n fi àwọ̀ sí kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ ẹ́.

“Pour semer ni,” ó wí. “Gbígbìn ni wọ́n ń gbìn ín, ìyá. Wọn kì í jẹ ẹ́.”

Ìyá Philomène fún ọmọ náà mọ́ àyà. Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè sunkún. Ó ní, “Èmi nìkan kọ́ ni mo rà á.”

“Bon, ó dáa. Mo ń lọ.”

Ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà Igolo. Ó yà lọ́dọ̀ àwọn jàndáámù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ àgbàdo ló rò fún wọn. Ní Igolo, wọ́n gba àpò tó kù lọ́wọ́ ọkùnrin náà, òun náà ń búra pé ẹni tó tà á fún òun kò sọ nǹkan kan.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Philomène ti da ògì àti èérí sí kòtò jíjìn, ó ti fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ó ti fi àpò di òkú ajá náà, ó gbé e sẹ́bàá ọgbà ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó ń dúró de Augustin. Augustin fi ọkọ́ gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Kò tíì wo ihò yẹn láti òdìkejì rí. Ajá kọ́ ló ya á. Àdá ni wọ́n fi gé imọ̀ ọgbà náà, wọ́n sì fi okùn di etí rẹ̀ yíká kí ó má baà ha ẹran lára. Àwo amọ̀ kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ ti dán nítorí ahọ́n.

“Mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí,” ni ìyá àgbà náà wí. “Ọmọ ni mo máa ń pè é.”

Ojú ti Augustin. Ó kó yẹ̀pẹ̀ bo ajá náà, ó fi ẹ̀yìn ọkọ́ tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó lọ gbé imọ̀ ọ̀pẹ tó kó síbi ògiri láti fi dí ihò, ó sì tò ó sórí ilẹ̀ tútù náà kí ewúrẹ́ má baà tú u.