Ìlú Pérú, Ìlúpéjú

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ya Ìlú Pérú sọ́tọ̀ kúrò lára Ìlúpéjú. Ẹ wò ó dáadáa. Rú wà nínú ọ̀kan, jú wà nínú èkejì, odindi òkun sì wà láàárín rú àti jú. Ọláṣùpọ̀, kúkù inú ọkọ̀ ojú omi, kò ro èyí rí títí ó fi ti ìrìn àjò dé sí Muṣin, tó bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tí aládùúgbò sì ní Sìmíátù ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Pápá Àjàó.

Inú Ọláṣùpọ̀ dùn. Ó ní àárò òun ló sọ ìyàwó, kò lè dá ilé gbé. Ó gbé àpò rẹ̀ padà sí èjìká, ó ń súfèé lọ.

Káfíńtà ni Bàbá Yẹ̀kínnì, bàbá Sìmíátù. Ó ń fá pákó níwájú ilé nígbà tí àna rẹ̀ dé, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ń fá pákó lọ. Kò ní kó dìde. Ìgbà tó yá ni Sìmíátù jáde, ó dúró sókè orí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ìlúpéjú ńkọ́?"

Ọláṣùpọ̀ ní tiẹ̀, Ìlú Pérú ló gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín láti ilẹ̀. Ó ní, "Wọ́n wà dáadáa. Àwọn èèyàn ibẹ̀ tọ́jú mi bí ọmọ wọn. Ká ní kì í ṣe tìrẹ ni, mi ò bá má padà wálé."

Bàbá Yẹ̀kínnì dẹ́kun fífá pákó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn kú ní èbúté Kayáò, ní Pérú, wọ́n ní kí gbogbo wọn dúró títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ọ̀kan nínú wọn, Theophilus, ti kán lẹ́sẹ̀, wọ́n sì fi ọkọ̀ mìíràn gbé e wálé. Ọláṣùpọ̀ kò fọkàn tán pósíọ́físì. Ó ní ẹnu èèyàn kì í sọnù lọ́nà, ló bá rán Theophilus sí ìyàwó rẹ̀, tó ń ta abọ́ tánńganran ní Ìdó. Theophilus dé Ìdó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbé e lọ sílùú rẹ̀ ti ń ṣí. Ojú fèrèsé ló ti pariwo pé ọkọ rẹ̀ wà ní Ìlú Pérú, pé kó máa retí rẹ̀. Reluwé fọn fèrè gan-an lórí "rú", "jú" ni Sìmíátù gbọ́. Theophilus wọlé lọ, ó tún padà sójú òkun, kò sẹ́ni tó tún rí i.

Ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tó bá sín ní Muṣin, ará Ìlúpéjú lè kí i kú ewu. Ọkọ wo ló máa wà ní Ìlúpéjú láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò fi dé, tí kò ní yà wálé wá pààrọ̀ aṣọ? Ọkọ tó ti ní ẹni tó ń bá a fọṣọ níbẹ̀ ni.

"O ò tilẹ̀ tijú," ni Sìmíátù wí.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ni Sìmíátù fi ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí inú rẹ̀ tilẹ̀ ń ru. "O" yìí gún Ọláṣùpọ̀ ju òtútù Pérú lọ. Bàbá wá là á mọ́lẹ̀ fún un: tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán lọ́la, àwọn àgbà yóò jókòó, wọn yóò sì tú ìgbéyàwó náà ká, àfi tó bá sọ ibi tó wà tó sì yéni.

Ọláṣùpọ̀ bẹ̀rẹ̀ àlàyé látorí ìdọ̀bálẹ̀. Ó ní lẹ́yìn tí àwọn jókòó sí èbúté títí tó sú àwọn, ọ̀gá ọkọ̀ yọ̀ǹda òun, òun sì lọ wo ìlú àtijọ́ kan tí àwọn Ínkà kọ́ sórí òkè, Máṣù Píṣù ni wọ́n ń pè é. Bọ́ọ̀sì gun òkè títí ó fi gun ibi tí atẹ́gùn ti tán. Òun tí ìgbì òkun kò gbé ṣubú rí, àtẹ̀gùn ilé àlejò lásán dá òun jókòó. Ẹni tó ń mú àlejò kiri níbẹ̀ ló fún òun ní ewé jẹ kí òun tó lè mí.

Seferino lorúkọ ọkùnrin náà, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ ni, ó kúrú, ó wọ bàtà tí wọ́n gé lára táyà mọ́tò. Seferino gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó lè fi mú àlejò gun òkè, Ọláṣùpọ̀ gbọ́ èyí tó lè fi se ọbẹ̀. Ọláṣùpọ̀ bi í bóyá ọ̀nà ṣì jìn. Seferino ní, "Arí." Ọláṣùpọ̀ dúró gbagidi. A rí kẹ̀? Ó fi Yorùbá bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ èdè wa ni?" Seferino ní, "Arí." Bí Ọláṣùpọ̀ ṣe bú sí Yorùbá nìyẹn, tó ń ro ẹjọ́ ilé àti oko fún un títí wọ́n fi gun òkè dé ìdajì, kó tó yé e pé "arí" ni bẹ́ẹ̀ ni lédè wọn, àti pé ohunkóhun tí kò bá yé Seferino, bẹ́ẹ̀ ni ló ń fi dáhùn.

Bàbá Yẹ̀kínnì ní kó fi ti ewé sílẹ̀, kó sọ bí ilé ibẹ̀ ṣe rí. Ọláṣùpọ̀ ní òrùlé ti lọ, ògiri ló kù, òkúta ràbàtà-ràbàtà. Bàbá ní kí ni wọ́n fi lẹ̀ wọ́n pọ̀? Ó ní wọn ò fi nǹkan kan lẹ̀ wọ́n, wọ́n gé wọn bára mu ni, abẹ ìfárí kò lè wọ àárín wọn. Bàbá kọjú sí àga tó kàn sílẹ̀ láàárọ̀, ó fọwọ́ tì í, àga mì.

"Èmi fi ìṣó kan èyí, mo tún fi gọ́ọ̀mù sí i," ni bàbá wí. "Irọ́ rẹ dára, Ọláṣùpọ̀, ìṣó ni kò ní."

Ọláṣùpọ̀ fi ti omi kún un. Ó ní omi táwọn Ínkà là gba inú òkúta ṣì ń ṣàn títí dòní. Sìmíátù wo ẹ̀rọ omi ojúlé wọn tó ti gbẹ, ó pòṣé. Ọláṣùpọ̀ ní òun bi Seferino níbo làwọn onílùú lọ, Seferino sì rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo àlejò ló ń bi òun bẹ́ẹ̀. Ilé ìyá òun wà ní ìsàlẹ̀ òkè, òun yóò jẹun níbẹ̀ tó bá dalẹ́. Onílùú ni wọ́n ń bi níbi tí onílùú wà.

Ìyẹn ò kan Sìmíátù. Ó já lù ú lójijì: "Ṣé o rí obìnrin níbẹ̀?"

Ó ti rẹ Ọláṣùpọ̀, ẹnu rẹ̀ ṣì wà lórí òkè. Ó ní, "Arí."

"Ta ni 'a'?" ni Bàbá Yẹ̀kínnì bi í.

Sìmíátù ti wọlé lọ wé gèlè. Ó jáde, ó ní, "Dìde. Lọ fi ilé tí ẹ̀yin méjèèjì ń gbé hàn mí."

Wọ́n gba Ìlúpéjú lọ. Ọláṣùpọ̀ kò mọ ọ̀nà kankan níbẹ̀, ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ ló tẹ̀ lé. Sìmíátù yà síbí, ó yà sọ́hùn-ún, ó gba ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ bísíkíìtì, ó já síwájú ilé iṣẹ́ aṣọ. Níbi gbogbo tí wọ́n dé, wọ́n ń kí i. Obìnrin tó ń sun àgbàdo ní ẹ kú ìrìn, ìyàwó ọkọ-sọnù. Awakọ̀ kan yọrí, ó bi í bóyá ó ti rí i. Sìmíátù ń nàka sí gbogbo ibi tó ti wá ọkọ rẹ̀ dé bó ṣe ń lọ, bíi Seferino gẹ́lẹ́. Níbí ni òjò ti pa á tí iba fi dá a dùbúlẹ̀. Lọ́hùn-ún ni wọ́n ti rò pé iṣẹ́ ló ń wá, wọ́n gbé ìgbálẹ̀ fún un, ó sì gbálẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kó lè wo ojú gbogbo ọkùnrin tó bá jáde. Èémí Ọláṣùpọ̀ tún ń tán, bẹ́ẹ̀ kò sí òkè kankan ní Ìlúpéjú.

Wọ́n dé géètì tó kẹ́yìn. Sàlíhù tó ń ṣọ́ ọ dìde kí Sìmíátù, ó wo Ọláṣùpọ̀, ó wo àpá iwájú orí rẹ̀ tí Sìmíátù ti ṣàpèjúwe fún un.

"Ìyá, ṣé ọkọ tí ẹ ń wá nìyí?"

Sìmíátù ní òun ni.

"Eléyìí kò gba ibí kọjá rí. Gbogbo àwa tí a ń ṣọ́ géètì ládùúgbò yìí lẹ bẹ̀, a sì ń wò yíká. Kò wá síbí, àbí ẹ̀yin lẹ ò mọ èèyàn wá."

Kò yẹ kó sọ ìyẹn. Sìmíátù já gèlè sí ọrùn. "Èmi? Èmi ni mi ò mọ èèyàn wá? Èmi tí mo wo abẹ́ lọ́rì! Ká ní ọkùnrin yìí sùn ní Ìlúpéjú lálẹ́ ọjọ́ kan, mi ò bá ti wọ́ ọ jáde. Kò débí rí. Pérú ló wà!"

Ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Lẹ́yìn náà ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì láìsí ohùn: rú, jú, rú, jú. Ọláṣùpọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rántí ìgbálẹ̀. Ó ní kó jọ̀ọ́, òun kò tún ní fi ẹnu ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí i mọ́.

Wọ́n padà títí wọ́n fi dé oríta, níbi tí ọ̀nà kan ti lọ sí Pápá Àjàó, tí èkejì lọ sílé wọn. Sìmíátù dúró síbẹ̀, ó ń tún gèlè wé.

"Àwọn òkúta yẹn," ló ní, "ẹ bá mi sọ òótọ́. Wọn ò fi nǹkan kan lẹ̀ wọ́n?"

Ọláṣùpọ̀ gbọ́ "ẹ" náà, ó dì í mú, kò jẹ́ kó bọ́. Ó ní rárá, bí wọ́n ṣe bára mu nìkan ló gbé wọn ró. Ó wá rọra bi í bóyá yóò bá òun lọ sílé.

"Arí," ni Sìmíátù wí, ó sì bọ́ síwájú lójú ọ̀nà ilé wọn.

Ọláṣùpọ̀ kò mọ èwo nínú èdè méjèèjì ló fi sọ ọ́, kò sì gọ̀ débi tí yóò fi bi í. Ó tún àpò gbé, ó tẹ̀ lé e.