Onígbàjámọ̀ Tó Ń Fi Ìdajì Orí Ta Káàdì

Kò sí ohun tó léwu tó kí nǹkan dára fún ènìyàn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dán an wò. Bí ó bá burú, á gba ilé rẹ̀ lọ, á jẹun, á sùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá dára, dandan ni kó wá ìdí tó fi dára, ibẹ̀ sì ni wèrè ti ń bẹ̀rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ti wà nílé ọkọ, yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń gbé. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lórí débi pé àwọn oníbàárà a máa sùn lọ lórí àga. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kí Abẹ́rẹ́ gbà láti fẹ́ òun. Abẹ́rẹ́ ni télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló fún un ní orúkọ náà, ẹnu rẹ̀ ló sì jẹ́ kó mọ́ ọn lára. Ó fẹ́ràn onígbàjámọ̀, kò fi pa mọ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n yìí. Kò béèrè ilé, kò béèrè mọ́tò. Ohun tó máa ń béèrè ni pé, ṣé ọkùnrin náà máa ń parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀? Ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ Abẹ́rẹ́ kọ́ ilé dé ojú fèrèsé, ó sì fi í sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Ẹ̀gbọ́n ò tíì gbàgbé. Ó ti ránṣẹ́ pé lọ́jọ́ Sátidé, òun ń bọ̀ wá gẹrun.

Kílípà onígbàjámọ̀ ló ní wàhálà. Ó ti gbó. Bí ó bá ti gẹ orí dé ìdajì, á gbóná bí àyọ́ọ̀nù, onígbàjámọ̀ á sì gbé e sórí àwo kan kó lè tutù. Gbogbo oníbàárà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jókòó pẹ̀lú ìdajì orí, wọ́n á máa ka ìwé ìròyìn, kò sẹ́ni tó ń bínú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, oníná tó máa ń tún wáyà àdúgbò ṣe ló wà lórí àga. Bí kílípà ṣe ń sinmi, ó gba fóònù onígbàjámọ̀, ó fi eré káàdì kan tí wọ́n ń pè ní pókà sí i. Ó ṣàlàyé fún un pé wọn á fún un ní káàdì méjì tí òun nìkan rí, wọn á sì ṣí márùn-ún sí àárín fún gbogbo ayé. Ẹni tí tirẹ̀ bá bá ti àárín mu jù ló jẹ. Owó tí wọ́n fi ń ta á, owó eré lásán ni, kò lè ra bọ́tìnnì kan. Àwọn tí wọ́n ń bára wọn ta wà nílé oníkálùkù wọn, àwòrán ni wọ́n fi ṣe ojú. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ológbò tó wọ dígí dúdú.

Onígbàjámọ̀ wo káàdì tirẹ̀, ó rí éèsì méjì. Àánú ara rẹ̀ ṣe é. Kò mọ̀ pé éèsì ni káàdì tó ga jù; lójú tirẹ̀, éèsì ni ení, ení ò sì tó èjì, a jẹ́ pé òun ni tálákà ibẹ̀. Ó fẹ́ tẹ ibi tí ènìyàn ti ń jáwọ́, àmọ́ òróró irun wà ní àtàǹpàkò rẹ̀, ìka náà yọ̀, ó bá tẹ ibi tí ènìyàn ti ń kó gbogbo ohun tó ní sílẹ̀. Ológbò náà kó tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí káàdì tán, éèsì mìíràn ti jáde láàárín. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, gbogbo ohun tí ológbò ní sì rọ́ wá sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀.

Oníná ní oríire lásán ni, pé kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ ò gbọ́. Ó gbójú sókè, ó rí ara rẹ̀ nínú dígí ńlá, ojú náà ń dán, ó sì fẹ́ràn ohun tó rí. Ó tún ta á, ó tún jẹ. Lẹ́yìn náà ó gẹ ìyókù orí oníná, ó tún ta á, ológbò lù ú bí ẹni lu aṣọ òfì.

Ọpọlọ rẹ̀ bá dìde sí iṣẹ́. Kí ló yí padà? Fóònù kan náà ni, àga kan náà ni, ológbò kan náà ni. Orí oníná nìkan ló yí padà. Ìdajì orí ló ń mú un jẹ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ẹ̀yin náà kọ́kọ́ ṣe oríire, ṣé ẹ ò wo bàtà tí ẹ wọ̀ lọ́jọ́ náà?

Lọ́jọ́ kejì, ó gẹ ìdajì orí olùkọ́ kan, ó sáré ta á, ó sì jẹ. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Láti ìgbà náà lọ, kílípà tutù, kò tutù, ìdajì ni orí gbogbo ń dúró sí. Èyí tó wá burú ni pé kò jẹ mọ́. Ẹni tó bá rò pé ìyẹn á là á lójú kò tíì mọ ọmọ aráyé. Ó ní orí ẹni tó ń ta búrẹ́dì ti kéré jù, ìdajì rẹ̀ kò lè tó nǹkan. Ó ní orí awakọ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì lòun kọ́kọ́ gẹ, ó yẹ kó jẹ́ ọ̀tún. Ó ní ti olùkọ́ tó padà wá, òun ti gẹ ẹ́ kọjá ìdajì díẹ̀, ọwọ́ òun ló yá jù. Oníbàárà kan lọ sí ibi iṣẹ́ pẹ̀lú fìlà, kò sì ṣí i ní gbogbo ọjọ́ náà. Òmíràn béèrè irú gẹrungẹrun wo lèyí, onígbàjámọ̀ sì dá a lóhùn pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí, òótọ́ ni, àmọ́ kò sí òwe tó ní ká má fá a dé ìdajì. Oníná ní kó jẹ́ kí òun kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń ta á gan-an. Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín sí i, ó ní ta ló ń kọ́ ẹja ní lílúwẹ̀ẹ́.

Sátidé pé. Onígbàjámọ̀ gbálẹ̀, ó nu dígí, ó fi fóònù sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í. Ẹ̀rù ń bà á gan-an. Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ wọlé, ọkùnrin gíga tó kọ́kọ́ wo bóyá férémù dígí náà gún kó tó kí ènìyàn. Ó jókòó. Onígbàjámọ̀ so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì gẹrun fún un bí kò ṣe gẹ ẹ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó dé ìdajì. Kílípà gbóná.

Ó gbé e sórí àwo. Ó wo orí náà. Ẹ̀yin èèyàn, orí ńlá ni, ó rí róbótó, ìlà àárín rẹ̀ gún bí ẹni fi rúlà fà á. Irú ìdajì bẹ́ẹ̀ kò tíì jókòó sórí àga yẹn rí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ó ṣí dúrọ́ọ̀.

Káàdì ọba méjì ló bá pàdé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná. Ológbò fi díẹ̀ lé e, òun náà fi díẹ̀ lé e. Kílípà tutù, kò rí i. Ẹ̀gbọ́n wúkọ́, kò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n sọ fún un pé kílípà ti tutù o, onígbàjámọ̀ ní ó ku díẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí ló ku díẹ̀, ọkùnrin yìí, tí kì í purọ́, yí fóònù sí i, ó sì ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ ìdajì orí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó kó gbogbo ohun tó ní sílẹ̀ lójú rẹ̀ kó lè fi ẹ̀rí hàn. Ológbò ṣí tirẹ̀. Ó gbá a mọ́lẹ̀ pátápátá.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ dìde. Ó jáde pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, ìdajì orí ń dán, ìdajì kún fún irun, ó sì gba ojúde lọ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀, onígbàjámọ̀ ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́, kóòmù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tì í títí dé eegun.

Abẹ́rẹ́ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fi orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó kó àwọn méjèèjì padà, ó fi ẹ̀gbọ́n sórí àga, ó sì mú kílípà. Kò dì í mú rí láyé rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń gé aṣọ iyebíye lójoojúmọ́, kí ni irun fẹ́ fi ṣe é?

Ó gẹ ẹ́. Ó dára! Ó dára ju ìdajì ti onígbàjámọ̀ lọ, etí rẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ̀yìn ọrùn gún régé. Ẹ̀gbọ́n yí orí sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì nínú dígí, ó fi ìka wọn ibi tó yẹ ní wíwọ̀n.

“Èmi ò tíì rí ọkùnrin tó parí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ tìrẹ rí,” ó sọ fún àbúrò rẹ̀. “Èyí bẹ̀rẹ̀, ìwọ parí rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lè jọ parí nǹkan. Ó kù sọ́wọ́ ẹ. Bí o bá fẹ́ ẹ, mi ò ní dí yín lọ́wọ́.”

Ọkàn onígbàjámọ̀ fò fún ayọ̀. Ó yíjú sí Abẹ́rẹ́ láti gbọ́ ohun tó máa sọ. Àmọ́ kì í ṣe òun ni Abẹ́rẹ́ ń wò. Kílípà ló ń wò. Ó gbójú sókè, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí ńlá náà, ojú rẹ̀ ń dán.

Onígbàjámọ̀ mọ ojú yẹn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó o.

“Ọwọ́ mi ni,” Abẹ́rẹ́ ní. “Ó ti wà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ̀ ni. Ẹ wá jókòó.”

“Èmi?”

“Ẹ̀yin ńkọ́? Irun yín ti kún.”

Onígbàjámọ̀ fẹ́ sọ fún un. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀, nípa éèsì méjì àti òróró àtàǹpàkò, àti bí orí kejì kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ orí kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ kò tíì dáhùn. Ó sì mọ̀ pé ọkùnrin tó bá kọ̀ láti gbé orí fún obìnrin lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ dùn báyìí, kó máa lọ dúró sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ní òun nìkan títí láé. Ó jókòó. Abẹ́rẹ́ so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn.

“Ṣé ẹ ti wá gbà láti fẹ́ mi?” ó béèrè.

“Ẹ jẹ́ kí n parí ná, ẹ máa gbọ́ èsì.”

Ó di ojú. Kílípà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láti iwájú orí, ó lọ síwájú díẹ̀, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì dákẹ́ lójijì. Ẹ̀gbọ́n, tó dúró lẹ́yìn àga, rọra fa èémí. Ìdì irun ńlá kan tí kò yẹ kó kúrò já bọ́ sílẹ̀.

“Mo gbà,” Abẹ́rẹ́ sọ, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. “Màá fẹ́ yín. Ẹ má tíì la ojú.”