Ẹ̀gẹ́ Tó Dá Ogun Agbabu Dúró

Oṣù kejìdínlógún ni ogun náà wọ yìí, Elisha kò sì tíì yin ìbọn ẹyọ kan ṣoṣo.

Akínwọlé ṣí ìwé òfin, ó wo ojú ewé tó ti mọ̀ sórí, ó tún pa á dé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ore ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó sí lọ́sàn-án Sátidé náà, láàárín àwọn ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tí àwọn agégi kó wá fún àtúnṣe. Ó ti nu epo kúrò lórí tábìlì iṣẹ́, ó sì ti tẹ́ àwòrán ilẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà sórí rẹ̀, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin tó lẹ̀ pọ̀. Nínú àwòrán náà, ọdún 2163 ni a wà. Òkun ti gbé ìlú ńlá etí omi mì. Àwọn tó sá àsálà níbẹ̀, àwọn Ará Òkun, ti di ọmọ ogun, wọ́n ń gba títì márosẹ̀ bọ̀ nínú igbó nítorí ọ̀dà dúdú tí a fi ń ṣe títì, tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Agbabu. Ọ̀dà tí bàbá ń sọ fún ọmọ pé wọn yóò wà jáde láìpẹ́, tí ọmọ náà dàgbà tó tún ń sọ fún ọmọ tirẹ̀, wọ́n ti wá rí i fi ṣe bátìrì. Ẹni tó bá gba Agbabu ló gba iná gbogbo ilẹ̀ yìí.

Eré ẹnu ni. Akínwọlé á sọ ibi tí nǹkan dé, olúkúlùkù á sọ ohun tí ẹni tí òun ń ṣe yóò ṣe, wọ́n á sì ju dáìsì níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti lè já sí ọ̀nà méjì. Monílọ́lá, tíṣà ìṣirò tí ìjọba gbé wá láti apá Ìṣẹ́yìn, ni olórí ogun àwọn Ará Òkun. Pamílẹ́rìn, òṣìṣẹ́ káńsù, ni balógun rẹ̀, òun ló ń darí àwọn ẹyẹ irin tó ń fò káàkiri wá ọ̀tá. Elisha, àgbẹ̀ láti Ajue tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ló di odi Agbabu mú.

Ọdún mẹ́rin ni Akínwọlé fi kọ òfin eré náà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Bó ṣe kọ́ àtúnṣe ayùn ló ṣe kọ́ ọ, nípa títú nǹkan palẹ̀ kó lè mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́. Ìbọn tí a bá yìn lẹ́ẹ̀mẹfà láìsinmi nínú eré rẹ̀ á gbóná, á sì há, nítorí bẹ́ẹ̀ ni irin ṣe ń ṣe. Ẹyẹ irin tó bá fò nínú ọyẹ́, eruku á dí i nímú. Dáìsì kọ̀ọ̀kan, ó jù ú ní ẹgbẹ̀ta ìgbà, ó ń kọ iye tó bọ́ sílẹ̀, ó sì sọ méjì nù nítorí pé wọ́n fẹ́ràn mẹ́fà jù.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tó ń tẹ irú eré bẹ́ẹ̀ ti kéde pé kí àwọn tó ní eré tuntun fi í ránṣẹ́. Ohun tí wọ́n béèrè kò pọ̀: ìwé òfin, àti àkọsílẹ̀ ogun mẹ́ta tí wọ́n jà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó lè hàn pé eré náà kì í há sójú ọ̀nà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé Sátidé yìí ni wọn yóò ti ìlẹ̀kùn. Ogun méjì ti parí lọ́dún tó kọjá, nígbà tí oníṣòwò pákó kan tó fẹ́ràn ìjà ju oúnjẹ lọ di Agbabu mú. Oníṣòwò náà ti kó lọ sí apá Benin. Elisha ló wá gba ipò rẹ̀, ogun kẹta sì dúró gbagidi.

Ẹ̀gẹ́ ló dá a dúró. Ní oṣù kìíní ogun, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìbọn, Elisha gbin ẹ̀gẹ́ sí àbà méje nínú igbó, láàárín kòkó tí kò tíì ga. Òfin Akínwọlé sọ pé ẹ̀gẹ́ á gbó ní oṣù kejìlá. Ohun tí òfin náà kò sọ ni ìgbà tó gbọ́dọ̀ kúrò nínú ilẹ̀. Nítorí náà Elisha ń wú ìwọ̀n tí ẹnu rẹ̀ lè jẹ, ó ń fi ìyókù sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí olè kò ti lè jí i tí iná kò sì ti lè jó o. Ẹyẹ irin Pamílẹ́rìn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ewé àti ewé. Ẹgbẹ̀ta ọmọ ogun ni Monílọ́lá kó kúrò létí òkun. Ó ti ku igba. Ebi ló lé àwọn yòókù padà.

"Bàbá, ẹ jáde wá jà," ni Monílọ́lá wí.

"Kí n jáde wá ṣe kí ni? Ẹ̀gẹ́ mi wà nílẹ̀."

Pamílẹ́rìn pòṣé. Ó ní Kábíyèsí Agbabu nìkan ni ọba tí òun mọ̀ tó ń fi púpurú, oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, jagun, pé tí ogun ọjọ́ iwájú bá máa rí báyìí, kí wọ́n kúkú gbé e fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Elisha ní kò burú, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ni yóò borí.

Akínwọlé kò rẹ́rìn-ín. Sátidé karùn-ún nìyí tí wọ́n ti wà lórí ogun kan náà, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì ti di ojú ewé mọ́kànlélógójì tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ṣí bírò. Ó ní òun ń fi òfin kan kún un: láti oṣù kejìdínlógún, ẹ̀gẹ́ tó bá ṣì wà nínú ilẹ̀ ti jẹrà.

Elisha gbé dáìsì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ta ló sọ fún ọ pé ó ti jẹrà?"

"Òfin eré ni, ẹ̀gbọ́n."

"Akínwọlé, ìwọ lo sọ fún wa pé bí nǹkan ṣe ń rí gan-an lo ṣe kọ ọ́. Ìbọn rẹ ń gbóná bí ìbọn. Eruku ń ṣe ẹyẹ rẹ bó ṣe ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ó wá ku ẹ̀gẹ́ mi nìkan tí o máa purọ́ mọ́?"

Ó dé fìlà rẹ̀, ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Ẹnikẹ́ni kò lè di ipò rẹ̀ mú, nítorí òun nìkan ló mọ àbà tí ẹ̀gẹ́ wà, ìwé tó kọ ọ́ sí sì wà nínú àpò rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, Akínwọlé lọ sí Ajue láti bẹ̀ ẹ́. Ó bá Elisha níwájú ilé, nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Elisha gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó bu oúnjẹ fún un, ó bi í léèrè ìyàwó àti ọmọ. Nígbà tí Akínwọlé wá mú ìwé jáde, ó mi orí. Ó ní òun kì í lọ sóko lọ́jọ́ Olúwa, òun kò sì ní jagun lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ bá ń dùn ún lóòótọ́, kó wá ní ìdájí Mọ́ńdè, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Akínwọlé jẹun tán, ó dúpẹ́, ó sì ń bínú bí ọ̀kadà ṣe ń gbé e padà sí Ore. Odindi ọjọ́ kan ti lọ.

Aago méje òwúrọ̀ Mọ́ńdè ló dúró sínú oko. Oṣù kejì ọdún ni, òjò ti pẹ́ tó ti rọ̀ gbẹ̀yìn, ilẹ̀ sì le bíi bíríkì. Elisha na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan tó ti pé ọdún méjì, ó ní kó wú u. Akínwọlé fi ọwọ́ méjèèjì di igi rẹ̀ mú, ó ta ẹsẹ̀, ó fà. Igi kán, òun náà sì fìdí jókòó. Ẹ̀gẹ́ wà nísàlẹ̀ bó ṣe wà. Ó fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká, ó tún fà. Nígbà tó fi wú ẹsẹ̀ mẹ́rin, ogún ìṣẹ́jú ti kọjá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti bó. Elisha sọ fún un pé bí òjò bá rọ̀, òun nìkan á wú ogójì láàárín ìgbà yẹn.

Lẹ́yìn náà Elisha dá ẹ̀gẹ́ náà sí méjì, ó gbé e sí i lójú. Kò jẹrà. Ṣùgbọ́n okùn tó wà láàárín rẹ̀ ti le, ó nípọn bí ìka.

"Ó ti ń di igi," ni Elisha wí. "Ìdajì rẹ̀ lo máa rí jẹ."

Akínwọlé ti gbàgbé pé òun ń bínú. Ó jókòó sórí ebè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀: iye ọwọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan ń gbà ní ẹ̀ẹ̀rùn àti iye tó ń gbà lójò. Nítorí náà, ọmọ ogun tó bá ń wú ẹ̀gẹ́ kò sí lẹ́nu odi. Báwo ni òun kò ṣe ro ìyẹn? Ó bi Elisha ní ohun tó kàn, Elisha sì ń kà á fún un bí wọ́n ṣe ń rìn lọ sí àbà: a óò rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́rin, a óò fọ̀ ọ́, a óò yọ okùn rẹ̀, a óò dì í sínú àpò, a óò gbé òkúta lé e títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, a óò mọ ọ́n ní róbótó. Nígbà tí wọ́n dé àbà, ìyàwó Elisha, Ìyá Inúmidùn, wà nídìí ohun tó kẹ́yìn. Ó to púpurú sórí àjà igi, ó ń koná sábẹ́ rẹ̀. Èéfín bo ibẹ̀. Akínwọlé wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Ìyá Inúmidùn sì bi í bóyá ọmọ Ìkálẹ̀ ni lóòótọ́, tó ń jẹ púpurú tó ń sá fún èéfín rẹ̀.

Elisha ń wo bí èéfín náà ṣe ń gòkè lọ, tó la àárín igi kọjá, tó di òpó funfun lójú ọ̀run.

"Ẹyẹ tí Pamílẹ́rìn ń fò káàkiri yẹn," ó wí, "kí ló ń wá láti ọjọ́ yìí?"

Akínwọlé gbé ojú sókè. Láti kékeré ló ti ń rí òpó èéfín yẹn láti ojú títì, kó tó rí òrùlé kankan.

"Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá kọ èyí sínú òfin, ogun yín ti fọ́ nìyẹn."

"Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́."

"Kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé jáde ìsinmi, ó pe Monílọ́lá lórí fóònù, ó ṣàlàyé òfin tuntun fún un. Monílọ́lá ju dáìsì lórí tábìlì nínú yàrá àwọn tíṣà. Mẹ́rin sókè ni ẹyẹ fi máa rí èéfín. Márùn-ún ló bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni nínú eré náà pẹ̀lú, ìdajì àwọn ọmọ ogun Elisha sì wà lóko tí wọ́n ń fa igi ẹ̀gẹ́. Agbabu ṣubú kí agogo iléèwé tó lù.

"Ó ti parí?" ni Elisha bi í.

"Ó ti parí, ẹ̀gbọ́n."

Elisha ní bó bá ti parí, kó bá òun gbé àpò ẹ̀gẹ́ yìí débi odò.

Inú Akínwọlé dùn láti Ajue títí dé ìdajì ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti rántí ogun méjì tó kọ́kọ́ parí. Oníṣòwò pákó ló borí nínú méjèèjì, àwọn èèyàn rẹ̀ sì jẹun fún ọdún kan gbáko láìdáná. Kò sẹ́ni tó wú ẹ̀gẹ́ kan. Oúnjẹ kàn ń yọ bí ẹni pé ó ń já bọ́ láti ọ̀run. Pẹ̀lú òfin tuntun yìí, ẹyẹ irin ìbá ti rí èéfín wọn kí ọdún tó yípo.

Aago méjì ló dé kafé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti máa bá a tẹ ìwé náà. Pamílẹ́rìn ti wá láti káńsù láti bá a yọ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ń dà á láàmú, ó gbá orí ara rẹ̀ mú. Ó ní kó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́. Àwọn ará Ìbàdàn tí kò jẹ púpurú rí, ta ni nínú wọn tó máa béèrè èéfín?

"Mo mọ̀ pé wọn ò ní béèrè," ni Akínwọlé wí.

"Kí ló wá dé?"

"Elisha ló ni odi yẹn. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó o, nítorí pé òótọ́ ni. Báwo ni mo ṣe máa wá to irọ́ méjì tì í?"

Pamílẹ́rìn sọ fún un pé ọdún mẹ́rin ló fẹ́ dà sínú gọ́tà yẹn. Akínwọlé ní òun mọ̀, kó má kà á fún òun. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi ìwé òfin àti ogun kan ránṣẹ́, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé méjì yòókù ń bọ̀ nígbà tí òun bá tún wọn jà.

Ọjọ́rú ni èsì dé, ìlà méjì péré. Mẹ́ta ni àwọn béèrè. Kó gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tún jókòó yí tábìlì ká láti bẹ̀rẹ̀ ogun kìíní láti ìpìlẹ̀. Ojú Akínwọlé le. Ayùn mẹ́ta ló yẹ kó ti tún ṣe lọ́sẹ̀ náà tí kò fọwọ́ kàn. Ó ní oṣù kìíní ti wọlé, kí Elisha sọ ohun tó máa gbìn, kí wọ́n máa lọ.

Elisha wo àwòrán ilẹ̀ náà.

"Ẹ̀gẹ́ ni," ó wí. "Ṣùgbọ́n igi ẹ̀gẹ́ tí mo máa gé gbìn ńkọ́? Ibo ni mo ti rí i? O ní òkun ti gbé ìlú, àwọn èèyàn ń sá kiri. Ta ló bá mi tọ́jú rẹ̀?"

Pamílẹ́rìn gbé orí lé tábìlì. Monílọ́lá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Akínwọlé ṣí ìwé òfin láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ nípa igi ẹ̀gẹ́. Ó bú ara rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ó fa bírò yọ.

"Ó dáa," ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì dùn rárá. "Igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gé sílẹ̀, ọjọ́ mélòó ló ń lò kó tó kú?"